65W lórí páálí, 10W nínú fóònù

Ẹ wo páálí ṣájà: "65W" rẹ̀ (W ni wáàtì, ìwọ̀n agbára iná) rí gàdàgbà bí orúkọ oyè. Ẹ ki fóònù bọ̀ ọ́, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọjá, bátìrì ṣì ń wọ́ bí ìgbín. Ẹ̀tàn gbáà! Bẹ́ẹ̀ wọn ò kúkú purọ́. Òótọ́ tí kò kan fóònù yín ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Kí iná tó lè yára, ṣájà àti fóònù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fohùn ṣọ̀kan lórí iye fóltì. Èdè ìgbaná kíákíá wọn yàtọ̀: ọ̀kan ń sọ USB PD, òmíràn ń sọ Quick Charge, OPPO ní SuperVOOC tirẹ̀. Ẹnu ihò kan náà, èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí wọn ò bá gbọ́ra wọn yé, 5V ni wọ́n ń padà sí, bíi 10W. Kódà PD nìkan ò tó fún Samsung tó ń gba 45W: PPS ló ń béèrè, ẹ̀ka PD tó ń jẹ́ kí fóltì máa yí díẹ̀díẹ̀ bí fóònù ṣe fẹ́. Ibo wá ni wọ́n kọ PPS sí? Ìdí ṣájà, lẹ́tà bí ẹsẹ̀ èèrà, àwọ̀ eérú lórí dúdú! Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ẹ wá "Output", kí ẹ fi iye ámpù sọ iye fóltì di púpọ̀: 9V ní 2.22A, 20W nìyẹn. Ti PPS kì í jẹ́ fóltì kan ṣoṣo. Wọ́n á kọ ọ́ bíi 3.3V sí 11V.

Wáyà gan-an ni ọ̀dàlẹ̀. USB-C lásán, 3A ló ń gbé. Kó tó gbé 5A, ó gbọ́dọ̀ ní ṣíìpù kékeré tí wọ́n ń pè ní e-marker nínú orí rẹ̀. Bó nípọn bí okùn ìdákọ̀ró, láìsí ṣíìpù yẹn, asán ni. Èyí tí orí rẹ̀ kan jẹ́ USB-A, ẹnu fífẹ̀ àtijọ́ yẹn, ò tilẹ̀ lè bá PD ṣe rárá.

Ká má tíì sọ ti ṣájà olójú méjì. 65W yẹn wà fún ojú kan ṣoṣo. Ẹ ki ìkejì bọ̀ ọ́, iná á já fìrì, á padà, á sì pín, bíi sí 45W àti 20W. Gbohùngbohùn etí tí kò nílò ju 5W lọ ló di 20W yẹn mú, tí kò lò ó, tí kò sì jẹ́ kí ẹlòmíì lò ó!

Pé iná ń falẹ̀ lẹ́yìn 80%, ìyẹn ò burú, bátìrì ni wọ́n ń dáàbò bò. Ṣùgbọ́n láti 2020 tí Apple ti yọ ṣájà kúrò nínú páálí iPhone, tí àwọn mìíràn sì tẹ̀lé e, àwa la ń dá ṣájà rà. Kí ló wá le nínú kíkọ "PPS" síwájú páálí, àti "5A" sára wáyà?