Àtúnṣe: “Aiyé” kọ́ ni fíìmù Yorùbá àkọ́kọ́

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp láàárín àwa ará Ìjẹ̀bú, pé “Aiyé”, fíìmù Olóògbé Hubert Ògúndé ọmọ Òṣòsà tí ó jáde ní ọdún 1979, ni fíìmù àkọ́kọ́ tí a ṣe ní èdè Yorùbá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó dé ọwọ́ mi lánàá kí n tó bu omi sí gààrí ọ̀sán mi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1976 ni “Àjàní Ògún” ti jáde, èyí tí Adéyẹmí Afọláyàn, tí gbogbo wa mọ̀ sí Adé Love, kópa nínú rẹ̀, tí Ọlá Balógun sì darí. Ọlá Balógun yìí kan náà ni ó wá darí “Aiyé”. Mo mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ fi gbà á gbọ́, nítorí láti ọdún 1945 tí Ògúndé ti dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ ti kàn, ṣùgbọ́n eré orí ìtàgé yàtọ̀ sí sinimá. Ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó fi ọdún tí fíìmù méjèèjì jáde wéra. Ẹ jọ̀wọ́, ibi tí ẹ bá ti fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí, ẹ fi èyí náà ránṣẹ́ síbẹ̀.