Irọ́ tó dáa wà, àmọ́ ta ló ń jẹ èrè ẹ̀?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa irọ́ lónìí. Gbogbo wa la máa ń pariwo pé irọ́ ò dáa, purọ́ n níyì, ẹ̀tẹ́ ní í mú wá, mo gbọ́. Àmọ́ bí bàbá bá kú nílé, tí ẹ̀gbọ́n wà ní London, kí la máa ń sọ lórí fóònù? "Ẹ̀gbọ́n mi, ara Bàbá ò fi bẹ́ẹ̀ yá o, ẹ tètè máa bọ̀." Irọ́ ni jàre, èmi sì fọwọ́ sí i, torí kò sẹ́ni tó máa dì í mú nínú ọkọ̀ òfúrufú bó bá bú sẹ́kún, kó délé ná, kó bá èèyàn nílẹ̀.

Onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Jámánì kan wà tó ń jẹ́ Immanuel Kant, ọdún 1797 ló kọ ọ́ pé kódà bí apànìyàn bá kan ilẹ̀kùn ẹ, tó ń bèèrè ọ̀rẹ́ ẹ tó sá pa mọ́ sílé ẹ, o ò gbọ́dọ̀ purọ́ fún un. Háà! Bóyá ẹnì kankan ò lé bàbá yẹn rí ni ṣá. Ráhábù kó àwọn amí pa mọ́ sábẹ́ pòròpórò ọ̀gbọ̀ lórí òrùlé, ó ní wọ́n ti lọ, ó wà nínú Jóṣúà orí 2. Àwọn Mùsùlùmí náà ní hádíìsì pé ẹni tó ń sọ ohun rere láti fi parí ìjà kì í ṣe òpùrọ́.

Ẹ tún rántí 2015. Ọọ̀ni Ṣíjúwadé wàjà ní London lọ́jọ́ 28 oṣù keje, ìròyìn ti gba ìgboro kan, àwọn ìjòyè ní irọ́ ni, ara Kábíyèsí le, ó di ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ kí wọ́n tó lọ sọ fún gómìnà. Àwọn kan bú wọn. Èmi ò bú wọn o, ètùtù wà nílẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe, gbogbo àgbàlagbà ló sì mọ̀ pé bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Irọ́ tí ẹni tó ń pa á àtẹni tó ń gbọ́ ọ jọ mọ ìdí ẹ̀, ta ló tàn jẹ?

Èyí tó ń bí mi nínú ni irọ́ tá a ń pa fún aláìsàn. Ìyá kan ládùúgbò wa, dókítà ti sọ fún àwọn ọmọ pé jẹjẹrẹ ni, wọ́n ní kí Màmá má gbọ́, wọ́n ní ọgbẹ́ inú ni, ká máa fún un ní ògì gbígbóná. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ra aṣọ ẹbí ọdún tó ń bọ̀. Owó àjọ àwọn obìnrin ọjà wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò sọ fẹ́nì kankan ibi tó kó o sí, kí ló fẹ́ máa sọ ọ́ fún nígbà tó jẹ́ ọgbẹ́ inú lásán? Nígbà tó kú, àwọn obìnrin yẹn ti ń jà lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó tú kánópì. Àwọn ọmọ ní ẹ̀rù ló ń ba àwọn kí jìnnìjìnnì má pa á. Irọ́ nìyẹn náà! Àwọn ni wọn ò lè wò ó lójú.

Mo ti kìlọ̀ fáwọn àbúrò mi, bí dókítà bá rí nǹkan lára mi, èmi ni kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún, tó bá yá ká wá jọ jókòó ronú irọ́ tá a máa pa fáwọn ẹbí.