Fóònù Kọ́ Ló Ń Kọ́ Ọmọ Yín, Tísà Ṣì Ni

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí tipẹ́. Ẹ bá dé ìdí bọ́ọ̀sì ní gáréèjì Ìkòròdú, ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù onídìrí, ohun kan náà lẹ ó gbọ́: "Ṣebí orí fóònù ni wọ́n ti ń kàwé báyìí, kí la tún fẹ́ fi tísà ṣe?" Àwọn tó ń sọ ọ́ kì í ṣe òpè o, òbí tó ń ṣiṣẹ́ kára ni wọ́n, wọ́n sì gbà á gbọ́ dénú. Àmọ́ kì í ṣòótọ́. Bí sùkúrù gọ́mẹ́ńtì ṣe ń fi ẹ̀kọ́ íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ti kíláàsì, ńṣe ni iṣẹ́ tísà ń le sí i.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà ní SS1 níbí. Tísà mátíìsì wọn máa ń fi fídíò sórí WhatsApp lálẹ́, wọn á wò ó, wọn á ṣe àsáínmẹ́ǹtì, wọn á ya fọ́tò ìwé wọn padà sí i. Lálẹ́ ọjọ́ kan iná ò sí, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi sórí tábìlì kó lè fi ti ìyá ẹ̀ wo fídíò. Ìṣirò náà ni 3 − 2(x − 4) = 5. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wò ó, ó ń mi orí bí ẹni tó ti yé, ó wá kọ 3 − 2x − 8 = 5, ó ní x jẹ́ −5, ó ti fẹ́ pa ìwé dé. Ó fi ránṣẹ́. Kò pẹ́, vóìsì nóòtì tísà wọlé, ẹ ó mọ̀ lóhùn ẹ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́: "Padà sí ìlà kejì. Minus 2 times minus 4, kí ló fún ẹ?" Ọmọ dákẹ́, ó tẹjú mọ́ 8 yẹn, ló bá sọ minus di plus, x di 3. Fídíò ò rí ìwé ọmọ, tísà ló rí i.

Ọ̀pọ̀ tún rò pé Kòrónà ló bí gbogbo ẹ̀. Rárá o. Ní Ọsirélíà, láti 1951 ni wọ́n ti ń fi rédíò kọ́ àwọn ọmọ tó ń gbé ọ̀nà jíjìn sí Alice Springs, tísà á sọ̀rọ̀, ọmọ á dá a lóhùn, àgbàlagbà kan, ìyá wọn lọ́pọ̀ ìgbà, á sì jókòó tì wọ́n nílé. Ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà dá sùkúrù ìjọba orí íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní 1997, tísà gidi ló ń kọ́ wọn, wọ́n sì ń pe òbí lórí fóònù.

Ibi tí wọ́n ti dín ojú tísà kù ńkọ́? Amẹ́ríkà yẹn náà ni. Ní 2015, àwọn olùwádìí Yunifásítì Stanford wo àwọn ilé ìwé charter tó jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n wà, owó ìjọba sì ni wọ́n ń ná, àmọ́ kì í ṣe ìjọba fúnra ẹ̀ ló ń darí wọn. Nínú ìṣirò, àwọn ọmọ ibẹ̀ fi bí ọjọ́ ẹ̀kọ́ 180 rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn tó wà ní kíláàsì, odindi ọdún ẹ̀kọ́ kan nìyẹn! Ìwádìí mìíràn lọ́dún náà ní àsìkò tí tísà fi ń bá wọn sọ̀rọ̀ tààrà lọ́sẹ̀ kan kò tó ti ọjọ́ kan ní sùkúrù tí a mọ̀.

Àwa náà rí i ní 2020 nígbà tí wọ́n ti ilé ìwé Èkó pa lóṣù kẹta. Ẹ̀kọ́ wà lórí rédíò àti tẹlifíṣàn, ó sì sàn ju kọ́mọ jókòó lásán lọ, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ṣi ìṣirò ṣe ní Ìjẹdẹ, rédíò ò lè mọ̀.

Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé bá a bá ń pariwo pé fóònù ti tó, wọn ò ní gba tísà kún tísà mọ́, ẹnì kan ṣoṣo á wá máa ka fọ́tò ìwé ọgọ́rùn-ún ọmọ lóru. Torí náà tẹ́ẹ bá lọ ìpàdé òbí, ẹ má bi wọ́n léèrè dátà nìkan. Ẹ bi wọ́n pé ta ló ń wo ìwé ọmọ yín, ọmọ mélòó ló wà lọ́rùn ẹ̀, àti pé tọ́mọ bá ṣi iṣẹ́ ṣe, ọjọ́ mélòó kó tó gbọ́ èsì.