Kí N Fèsì Láàárín Wákàtí 48: Nípa Aago Ta Ni?

Kúẹ́rì ni wọ́n fi kí mi káàárọ̀ lánàá. Èmi tí mo ṣiṣẹ́ mọ́jú, tí mi ò tíì bọ́ bàtà ẹsẹ̀, tí ojú ń ta mí bíi pé wọ́n da ata sí i, ni wọ́n na ìwé sí pé kí n fèsì láàárín wákàtí 48. Mo wo àkókò tí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tẹ̀ sórí ìwé náà: aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo wo fóònù mi: aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìwé tí wọn ò tíì tẹ̀ ni wọ́n ti fún mi! Wákàtí 48 wo wá ni?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ICU, yàrá tí a ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Mi ò ní máa ṣàlàyé bí mọ́nítọ̀ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọkàn aláìsàn, ṣe so mọ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì wa, tí ìyẹn so mọ́ fáìlì aláìsàn, tí fáìlì tún so mọ́ yàrá àyẹ̀wò. Wọ́n ní gbogbo wọn jọ ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ bí orogún ṣe ń bá orogún sọ̀rọ̀ ni. Bí ọ̀kan bá ní ilẹ̀ ti mọ́, èkejì á ní òru ṣì ni.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó bí kúẹ́rì yẹn. Inú oṣù kọkànlá ni. (Ẹ fi oṣù yẹn sọ́kàn, ó níṣẹ́ tó ń bọ̀ wá ṣe.) Bàbá kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì kẹrin, ọlọ́yàyà èèyàn, ẹni tó máa ń pe gbogbo nọ́ọ̀sì ní "ìyàwó mi". Mọ́nítọ̀ pariwo. Mo yíjú, ìlà ọkàn Bàbá ti dàrú, ó ń gbọ̀n rìrì lójú ẹ̀rọ. Fóònù mi, tó ń gba àkókò láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ní 2:17 òru. Mo gun àpótí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà Bàbá. Dókítà sáré dé pẹ̀lú sálúbàtà ẹsẹ̀ kan, wọ́n ti ẹ̀rọ tí a fi ń ta ọkàn jí tẹ̀lé e. Ní 2:19, a fi iná ta á. Kò gbọ́. Mo padà sórí àyà fún ìṣẹ́jú méjì, a tún ta á. Kò gbọ́. Ìṣẹ́jú méjì mìíràn, a ta á lẹ́ẹ̀kẹta. Ní 2:24, mo fún un ní abẹ́rẹ́ adrenaline tó ń ran ọkàn lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa di 2:25, ìlà ti tò, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, aṣọ mi ti rin gbindin. Àbúrò wa, nọ́ọ̀sì tí kò tíì pé ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́, dúró lábẹ́ aago ògiri, ó ń kọ gbogbo ohun tí a ń ṣe sílẹ̀ pẹ̀lú àkókò rẹ̀. Ó ṣe dáadáa. Èmi gan-an ni mo kọ́ ọ pé ibẹ̀ ni kó máa dúró sí.

Aago ògiri yẹn ńkọ́? Aago ìsìnkú ni. Ẹnì kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ lọ síbi òkú, wọ́n fi ta á lọ́rẹ, ó gbé e wá síbi iṣẹ́. Àwòrán ìyá àgbà kan tó wé gèlè wà láàárín rẹ̀, wọ́n wá kọ "Sùn re o, Màmá rere" yí i ká. Nínú yàrá tí a ti ń bá ikú wọ̀yá ìjà! Ẹni tó bá lajú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, tí kò mọ ibi tó wà, ohun tó máa kọ́kọ́ rí ni "Sùn re o". Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu mi fi bó. Wọ́n ní òun nìkan ló ṣì ń rìn. Ó ń rìn lóòótọ́, ó kàn fi ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án rẹ̀yìn ni.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ kan jókòó ti fáìlì Bàbá. Wọ́n ní mọ́nítọ̀ sọ pé 1:17 ni ọkàn aláìsàn dàrú. Ìwé tí ẹ̀yin nọ́ọ̀sì fọwọ́ kọ sọ pé 2:15 ni ẹ fún un ní adrenaline. Ẹ̀rọ tí ẹ fi iná ta á sọ pé 2:30 ni ẹ kọ́kọ́ ta á. Nítorí náà, kí ẹ ṣàlàyé ibi tí ẹ wà fún bíi wákàtí kan, àti ìdí tí abẹ́rẹ́ fi ṣáájú iná.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Bàbá tí ọkàn rẹ̀ dàrú fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 13 kí ẹnikẹ́ni tó fi iná kàn án, òun náà ló béèrè ẹ̀kọ gbígbóná lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kejì! Ọjọ́ tí wọ́n ní kó máa lọ sílé, ó gbàdúrà fún mi títí mo fi ń ṣàmín pẹ̀lú omijé. Kí ìgbìmọ̀ lọ bi í bóyá ó kí àwọn ará ọ̀run fún wọn. Lẹ́yìn ẹ̀rín ni inú wá ń bí mi, títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ rántí oṣù kọkànlá. Tòkunbọ̀ ni mọ́nítọ̀ wa, ìlú Ọba ni wọ́n ti lò ó kí wọ́n tó dì í sínú kọntéínà. Ẹni tó gbé e wá kò rántí sọ fún un pé ó ti kúrò nílé. Àwọn òyìnbó ọ̀hún máa ń sún aago wọn síwájú ní Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù kẹta, wọ́n á sì dá a padà ní Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá. Bí wọ́n bá ti sún un, tiwọn àti tiwa á dọ́gba, torí náà fún oṣù méje gbáko, ẹ̀rọ yẹn á máa ṣe bí ọmọlúàbí. Ó di òru ọjọ́ kan péré, á fi wákàtí kan sá padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún tó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀sì àgbà kan ní ká pe pásítọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù ba èmi náà.

Ẹ̀rọ ECG, èyí tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí ìwé, ní tiẹ̀, bí wọ́n bá ti mú iná, tí jẹnẹrétọ̀ sì pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn, ó ti gbàgbé ayé, ó ti padà sí 1 January 2000. Bátìrì kékeré bíi kọ́bọ̀ tó ń gbé aago inú rẹ̀ ró ti kú. Bátìrì tó wà lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó ń tún aago ọwọ́ ṣe lẹ́bàá títì! Ìwé ECG ọmọ ọdún 17 kan kọjá lọ́wọ́ mi, ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, bóyá ni ìyá rẹ̀ ti mọ bàbá rẹ̀. Àti 03/04 tó wà lójú ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà, ṣé ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni àbí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta? Ẹ má bi mí.

Ìwé mélòó ni mi ò kọ? Ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ní ohunkóhun tó bá ti kan ara aláìsàn, ti àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ ìṣègùn ni. Àwọn yẹn ní ohunkóhun tó bá ti ní wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ti ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ni. Mo fọgbọ́n kó àwọn méjèèjì jọ síwájú ẹ̀rọ kan náà lọ́jọ́ kan. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n bi ara wọn léèrè ọmọ, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ọmọ kan ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ló là mí lójú. Ó ní nǹkan kan wà tó ń jẹ́ NTP, tí David Mills, ará Amẹ́ríkà, ti gbé kalẹ̀ láti 1985. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kí ẹ̀rọ kan bi èkejì pé "aago mélòó ló lù?" kó sì tún tirẹ̀ ṣe. Láti 1985! Mi ò tíì wọ jẹ́lé-ó-sinmi nígbà yẹn. Mo ní kí ló wá dé tí tiwa kì í bi ara wọn? Ó ní wọ́n ti dí ọ̀nà tí ìbéèrè ń gbà jáde nítorí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí ì bá sì máa dá wọn lóhùn nínú ilé, wọn ò tíì rà á. Ẹ̀rọ tí a fi ń ta ọkàn jí kò sí lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá. Irú aago bẹ́ẹ̀ bá fi ìṣẹ́jú àáyá méjì péré yẹ̀ lójúmọ́, kí ọdún tó yípo ó ti lé ní ìṣẹ́jú 12. Ọwọ́ lèèyàn fi ń tún un ṣe, ẹnì kan ṣoṣo tó sì mọ nọ́ńbà tí a fi ń ṣí i ti jápa lọ sí Kánádà.

Fóònù wa ló kù tó ń sọ òótọ́. Òun náà ni wọ́n wá fi sákúlà dè, pé kí nọ́ọ̀sì kankan má mú u wọ wọ́ọ̀dù mọ́, pé TikTok la ń wò. Abẹ́ Màmá rere ni wọ́n lẹ sákúlà ọ̀hún mọ́.

Ẹ wá fẹ́ mọ aago tí kì í yẹ̀ nílé ìwòsàn yìí? Ẹ̀rọ tí a ń tẹ̀ka sí lẹ́nu ọ̀nà! Ìyẹn mọ àkókò dé ìṣẹ́jú àáyá. Mo tẹ̀ka ní 8:00:41 lóṣù tó kọjá, wọ́n gé owó mi. Bátìrì tirẹ̀ ò kú rí. Ìnfátà tirẹ̀ ò gbẹ rí. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé ti ẹ̀ka kejì ni. Ṣé ẹ rí i pé wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe? Owó oṣù nọ́ọ̀sì ló ká wọn lára, ọkàn Bàbá ò ká wọn lára.

Èsì mi sí kúẹ́rì rèé, ẹni tó bá ń lọ sọ́fíìsì kó bá mi mú un dání: kí wọ́n ra àkùkọ kan fún wa. Adìẹ ìbílẹ̀ ni o, àgíríìkì ò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Kí wọ́n so ó mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kẹrin, kí gbogbo ẹ̀rọ máa wo ẹnu rẹ̀. Aláìsàn tí ọkàn rẹ̀ bá fẹ́ dàrú, kó ní sùúrù kí àkùkọ kọ ná, ká lè rí àkókò kọ sílẹ̀. Bó bá sì jẹ́ tòkunbọ̀ ni wọ́n máa rà, ẹ dákun, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún un pé Nàìjíríà ló wà.