Bí Àgbà Bá Ṣubú: Ọ̀rọ̀ Awáṣẹ́ àti Olóṣèlú

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wo ẹni tó máa sáré wá gbé e. Àgbà ń wá ohun tó gbé e ṣubú: ṣé òkúta ni, àbí bàtà tó wọ̀ ló já.

Àbúrò ìyàwó mi ló rán mi létí òwe yìí. Láti ìgbà tó ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ó ti kọ ìwé ìwáṣẹ́ 26, kò sẹ́ni tó pè é. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà bá mi wá ẹni tó mọ èèyàn." Mi ò bá a jiyàn, èmi náà mọ ìlú tí à ń gbé. Ṣùgbọ́n mo ní kó wo Ọ̀ṣun ná. Awáṣẹ́ ṣáà ni olóṣèlú, àwa olùdìbò lọ̀gá tó fẹ́ gbà á.

Lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án, 2018, nínú ìdìbò gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìbò 353 ni Adémọ́lá Adélékè fi ṣíwájú Gbóyèga Oyètọ́lá. INEC, àjọ elétò ìdìbò, ní ìdìbò ò tíì parí. Àfi bíi kí wọ́n fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò tán, kí wọ́n ní kó lọ máa retí ìpè. Lọ́jọ́ 27, wọ́n tún un dì ní ibùdó méje péré, Oyètọ́lá sì fi ìbò 482 gbégbá orókè. Ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, Oyètọ́lá náà ló jàre.

Ìbò 482! Ẹlòmíì ì bá máa sunkún rẹ̀ dòní. Ọ̀rọ̀ ìwé mẹ́wàá wà lára ohun tí àwọn alátakò fi ń sọ Adélékè lókò nígbà náà. Ó padà síléèwé, nígbà tó sì di 2021, ó gboyè ní Atlantis University ní Amẹ́ríkà. Mi ò sọ pé oyè yẹn ló gbé e wọlé o, ohun tó ń gbé olóṣèlú wọlé pọ̀ ju ìwé lọ. Àmọ́ ibi tí òkò ti ń bà á ló lọ dí. Ní oṣù Keje 2022, ó ní ìbò 403,371, Oyètọ́lá ní 375,027.

Ibi tí awáṣẹ́ ti yàtọ̀ ni pé olóṣèlú máa ń rí èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan, ó mọ àdúgbò tó kọ̀ ọ́. Ilé iṣẹ́ kì í sọ nǹkan kan fún èèyàn. Awáṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló máa ka ìbò rẹ̀. Bí wọ́n bá ń pè ọ́ tí wọn ò gbà ọ́, ẹnu rẹ ni kó o yẹ̀ wò. Bí wọn ò bá tiẹ̀ pè ọ́ rárá, bí ẹni tó fìdí rẹmi nínú ìdìbò abẹ́lé ni, o ò tíì dé iwájú ará ìlú. Ìwé tó o fi ránṣẹ́ ni kó o tún kà.

Mo ní kó gbé tiẹ̀ wá. A jókòó tì í lórí tábìlì ìjẹun. Kíkọ rẹ̀ dáa, ó dáa ju tèmi lọ. Mo ń bọ̀ lókè ìwé náà nígbà tó na ọwọ́ sí nọ́ńbà fóònù, tó pariwo, "Yéè! Ẹ̀gbọ́n, síìmù tí wọ́n jí mọ́ mi lọ́wọ́ nínú dánfó nìyí!"