Ọdẹ tí ìbọn kò ràn

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ọmọ àbúrò bàbá mi kan tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì níbí ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, gbé ìwé ìkọ̀wé rẹ̀ wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kà á." Ìtàn ló kọ, ojú ìwé mọ́kànlá, bírò dúdú, Yorùbá pọ́ńbélé. Ọmọ tó jẹ́ pé Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ọ láti kékeré! Kí n tó ṣí i ni inú mi ti ń dùn.

Ọdẹ kan ni olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀. Ọdún 1886 ni, àwọn ọmọ ogun Glèlè, ọba Dàhòmì, ti dó ti ìlú wa. Ọdẹ náà dúró sí ẹnubodè Àkàbà. Ó ní ayẹta, ó ní òkígbẹ́. Ìbọn kò ràn án, àdá kò wọ̀ ọ́ lára. Ó pa ọgọ́rùn-ún ènìyàn kí oòrùn tó kanrí, ó pa igba kí ó tó wọ̀. Nígbẹ̀yìn, àwọn ọ̀tá sá lọ, ọba fi ọmọ rẹ̀ fún un, àbúrò mi sì fi gègé tó yàtọ̀ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé: Ìtàn yìí kọ́ wa pé kí á máa nígboyà.

Mo pa ìwé náà dé. Ó ń wò mí lójú.

Kì í ṣe pé ó yí ìtàn padà ló dùn mí. Gbogbo wa la mọ̀ pé Kétu fọ́ ní 1886, pé wọ́n sun ìlú, wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ sí Abomey, olú ìlú Dàhòmì, àti pé ẹ̀yìn ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì ni àwọn tó ṣẹ́ kù tó rí ọ̀nà padà wá tún ilé kọ́. Àròsọ ni ọmọ náà ń kọ, ó láṣẹ láti mú kí Kétu ṣẹ́gun. Ohun tó dùn mí ni pé n kò mọ ọdẹ náà. Mo bá a rìn fún ojú ìwé mọ́kànlá, n kò mọ ohun tó fẹ́, n kò mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, n kò mọ ẹni tó jókòó sílé tó ń retí rẹ̀. Bí kò bá sí ohun tó lè ṣe ènìyàn, kí ni ìdúró rẹ̀ lẹ́nu ibodè fi yàtọ̀ sí ti ògiri?

Èrò ọkàn mi nìyí. Ibi tí olú ẹ̀dá-ìtàn ti lè padà sílé tí kò padà, tàbí ibi tí ó yẹ kó dúró tó sì sá, ibẹ̀ ni ìtumọ̀ ìtàn wà. Ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Kò sí lẹ́nu ẹni tó ń sọ ìtàn.

Ẹ rántí Ìjàpá. Yánníbo ń wá ọmọ, Ìjàpá lọ bá babaláwo, babaláwo se àsèjẹ fún un, ó sì kìlọ̀ pé ìyàwó nìkan ni kó jẹ ẹ́. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ ò mọ bí Ìyá àgbà mi ṣe ń pa á. Ojú ọ̀nà tí Ìjàpá gbà ń bọ̀ wálé yẹn, ó máa ń fà á gùn ni. Á gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó ru ìkòkò, á máa mi ara lórí àpótí tó jókòó lé. Á ní òórùn àsèjẹ náà ta sánsán sí Ìjàpá nímú. Á dákẹ́. Á ní ó tún ta sí i. Àwa ọmọ á máa pariwo pé, "Má tọ́ ọ wò! Má tọ́ ọ wò!" Ìka ìlábẹ̀ Ìyá àgbà á máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú òkùnkùn, a ó máa wò ó títí yóò fi kan ahọ́n rẹ̀.

Gbogbo agbo á pa rọ́rọ́.

Lẹ́yìn náà ni ikùn Ìjàpá á wú, tí yóò máa kọrin bẹ babaláwo, àwa náà á sì máa gbè é. Àwa tá a kìlọ̀ fún un náà la tún ń bá a bẹ̀bẹ̀! Mo ti dàgbà kí n tó mọ ohun tí Ìyá àgbà ṣe fún wa lálẹ́ wọ̀nyẹn. Ó mú kí a wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ṣẹ̀, nítorí pé a jọ gbọ́ òórùn àsèjẹ náà ni. Bí ó bá wá parí rẹ̀ pé ojúkòkòrò kò dára, ọ̀pọ̀ nínú wa ti sùn lọ.

Ìwé tó jẹ́ kí èyí yé mi yékéyéké kì í tiẹ̀ ṣe ti Yorùbá. Paul Hazoumé, ọmọ Porto-Novo, ló fi Faransé kọ ọ́, ó sì jáde ní 1938. Doguicimi ni wọ́n ń pè é, orúkọ obìnrin tó jẹ́ olú ẹ̀dá-ìtàn inú rẹ̀ sì ni. Ààfin ọba Guézo ní Abomey ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Guézo ni bàbá Glèlè, Glèlè ló sì ni ọmọ ogun tó fọ́ ìlú wa. Nígbà tí olùkọ́ kan yá mi ní ìwé yẹn, ó lé ní oṣù kan tó fi wà lórí àpótí tí n kò fọwọ́ kàn án. Kí ló kàn mí pẹ̀lú ìyàwó ọmọ ọba Dàhòmì?

Ìgbà tí mo wá ṣí i, n kò lè gbé e sílẹ̀ mọ́. Obìnrin yìí kò bẹ̀rù láti ta ko ọba lójú gbogbo ènìyàn. Toffa ọkọ rẹ̀ bá ọba lọ sójú ogun, ọ̀tá mú un. Ó lè fẹ́ ẹlòmíràn. Ọmọ ọba tí yóò gorí ìtẹ́ lọ́la ń wá a kiri. Ó kọ̀. Wọ́n fi ìyà jẹ ẹ́, ó ṣì kọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé agbárí ọkọ rẹ̀ dé, ó gbà kí wọ́n sin òun láàyè pọ̀ mọ́ ọn.

Mo sunkún. Èmi ọmọ Kétu, mo sunkún fún obìnrin ààfin Abomey, ó sì tún bí mi nínú pé mo sunkún. Mo lọ bá Ìyá àgbà, tó ṣì wà láyé nígbà náà, mo rò ó fún un. Kò sọ nǹkan kan nípa ìwé. Ọ̀rọ̀ ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ní 1886 nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin, tó sì padà wá sí Kétu. Ó ní bí ìyá yẹn bá ń ka àgbàdo sínú agbọ̀n, tí kò mọ̀ pé ẹnìkan wà nítòsí, Fọ̀n ló fi ń kà á: dòkpó, wè, àtọ̀n. Bí ó bá gbójú sókè tó rí ọmọdé, á dákẹ́. Á da àgbàdo náà jáde, á tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀: ení, èjì, ẹ̀ta.

Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yẹn bọ̀ fún ogún ọdún. Ta ló kọ́ ọmọdébìnrin náà ní kíkà yẹn? Ṣé obìnrin kan tó ṣàánú rẹ̀ ni, àbí ẹni tó ń nà án bí iye kò bá pé? Ìyá àgbà kò mọ̀. Kí ló dé tó fi ń da àgbàdo jáde? Kò sẹ́ni tó kọ ìyá yìí sínú ìwé, ṣùgbọ́n ní tèmi, kò sí akọni kankan nínú ìwé tó jù ú lọ, nítorí dída àgbàdo jáde yẹn nìkan. Èmi kì bá sì má gbọ́ ọ láéláé bí Doguicimi kò bá kọ́kọ́ mú mi wọ ilé tí n kò fẹ́ wọ̀. Bí Hazoumé bá jókòó kó máa ṣàlàyé fún mi pé kì í ṣe gbogbo ará Dàhòmì ló burú, mi ò ní gbà fún un. Obìnrin yẹn ni mo tẹ̀ lé, títí dé ẹnu kòtò.

Ọdún 1938 yẹn kan náà ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà jáde ní apá Nàìjíríà. Bàbá mi ra tirẹ̀ nígbà tó gba Ìlárá kọjá lọ ná ọjà ní Ìmẹ̀kọ, ìwé náà ti já léèpo báyìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ọdẹ alágbára, ẹ padà lọ ka ọ̀rọ̀ Àkàrà-ògùn, ọdẹ tó jẹ́ olú ẹ̀dá-ìtàn inú rẹ̀. Oògùn wà nínú orúkọ rẹ̀ pàápàá, síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà á nínú igbó yẹn, ó ń sá. Kàkó ńkọ́, ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó pa ìyàwó rẹ̀ nítorí pé ó dì mọ́ ọn pé kó má lọ? Akọni ni wọ́n pè é. Mo ti ń bá a jà láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ìjà náà kò sì tíì tán.

Ahouna inú ìwé tí Olympe Bhêly-Quenum gbé jáde ní 1960 kò tiẹ̀ ṣẹ́gun ohunkóhun ní tirẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fi ẹ̀sùn ohun tí kò ṣe kàn án, ó fi ilé sílẹ̀, ó sì di apànìyàn. Àwọn kan ní ìwé náà ń mú ènìyàn rẹ̀wẹ̀sì. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó ti ẹnìkan tí ẹ̀sùn irọ́ lé kúrò nílé rí, mo sì mọ ohun tí mi ò gbọdọ̀ sọ fún un, torí pé mo ti mọ Ahouna.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ olùkọ́ ní mo le jù. Ó ní àwọn ọmọ wa kì í rí akọni Kétu nínú ìwé tí wọ́n ń kà, pé ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ní èyí tí kò lábàwọ́n ná. Mo gbọ́ ọ yé, ebi yẹn ń pa èmi náà. Ṣùgbọ́n báwo ni ọmọ ṣe fẹ́ kọ́ ìgboyà lára ẹni tí ẹ̀rù kò lè bà? Alálùmọ̀n, ọdẹ tó mọ̀nà, tó ṣíwájú àwọn baba ńlá wa dé ibi tí ìlú yìí wà, kò sí ọmọ Kétu tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ta ló ti kọ ọ́ rí pé ó ṣeé ṣe kó ṣìnà lóru ọjọ́ kan, pẹ̀lú gbogbo àwọn ènìyàn náà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ ń sunkún omi, tí òun nìkan sì mọ̀ pé òun ti ṣìnà? Mo fẹ́ ka ìwé yẹn. Mo fẹ́ mọ ohun tó sọ fún wọn.

Ní ọjọ́ Àìkú yẹn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi àbúrò mi: "Ta ló wà nílé ọdẹ yìí?" Ó ronú títí. Ó ní ìyàwó rẹ̀ ni, ó lóyún. Mo ní, "Ìlú tí wọ́n dó tì, kí ni obìnrin náà ń jẹ?" Kò dáhùn. Ó mú ìwé rẹ̀, kò dúró jẹ iyán tí mo ti gún fún un.

Alẹ́ àná ló pè mí, aago mẹ́wàá ti kọjá. Ó ti yọ ayẹta kúrò. Ó ní ọdẹ náà wà lórí odi lóru, ó mọ ojú ibì kan nínú yàrà tí ẹlòmíràn kò mọ̀, ó lè gbé ìyàwó rẹ̀ gba ibẹ̀ jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá gba ibẹ̀, ipasẹ̀ rẹ̀ máa hàn nínú ẹrẹ̀, àwọn ọ̀tá lè tọ̀ ọ́ wọlé. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ ohun tí yóò ṣe o." Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

Mo ní kó má sọ fún mi, kó lọ kọ ọ́.