Ẹ má tíì wó ilé kọnkéré yunifásítì wọ̀nyẹn

Ní Àjàṣẹ́ níbí, tí ilé àwọn Àgùdà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya, gbogbo wa la máa ń pariwo pé ogún ń lọ, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ilé kọnkéré tí wọ́n kọ́ fún ilé ẹ̀kọ́ láàárín 1960 sí 1980, tí wọn ò kùn lọ́dà, tó ti dúdú lára, òun ò lẹ́kún: "ẹ wó o jàre, ó burẹ́wà." Àwa ò fara mọ́ ọn o.

Ẹ wo Ifẹ̀, ṣebí kò jìnnà. Arieh Sharon ará Ísírẹ́lì ló yàwòrán yunifásítì yẹn, ilé Humanities tó wà níbẹ̀, bó ṣe ń gòkè ló ń fẹ̀ sí i, àjà òkè ń ṣíji bo tìsàlẹ̀, oòrùn ò ráyè já wọlé tààrà, atẹ́gùn sì ń gba inú ẹ̀ kọjá. Ẹ wá fi wé bíldìn onígíláàsì tí à ń kọ́ báyìí, iná á lọ díẹ̀, inú ẹ̀ á ti di ààrò.

Kí ló wá ń bà wọ́n jẹ́? Omi ni. Òrùlé pẹrẹsẹ tí ẹnì kan ò gbá, gọ́tà tó dí, omi á dúró síbẹ̀, á rọra wọnú kọnkéré, irin inú ẹ̀ á dípẹtà, irin tó bá sì dípẹtà máa ń wú, á wá ti kọnkéré já dànù. Tí mínísítà bá wá ń bọ̀, wọ́n á po sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, wọ́n á kùn ún ní funfun, irin ṣì ń jẹ lábẹ́ ẹ̀! Àtúnṣe gidi ni kí wọ́n gbẹ́ ẹ kan irin, kí wọ́n ha ìpẹtà yẹn kúrò, kí wọ́n tó dí i.

Ní yunifásítì Yale l'Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ló kórìíra ilé tí Paul Rudolph kọ́ parí ní 1963, iná tiẹ̀ jó o ní 1969, síbẹ̀ wọn ò wó o, wọ́n tún un ṣe ní 2008, wọ́n sì fi orúkọ Rudolph pè é.

Ká má purọ́ ṣá, kì í ṣe gbogbo kọnkéré lèèyàn lè fọkàn tán. Ní 2023, University of East Anglia ní Ìlú Ọba kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kúrò nínú ilé tí Denys Lasdun yà fún wọn, torí oríṣi kọnkéré fúyẹ́ kan tí wọ́n bá nínú ẹ̀. Ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ṣáájú ẹwà.

Ìdí nìyẹn tá a fi ń sọ fún ìjọba, àti àwọn ọ̀gá yunifásítì Abomey-Calavi tó ti wà láti 1970, pé kí ẹnjinníà gbẹ́ ilé kọ̀ọ̀kan wò ná, kó kọ ohun tó rí síta fún aráàlú, kí katapílà kankan tó débẹ̀. Owó gbígbá òrùlé àti kíkó gọ́tà ọdọọdún náà, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, kò tó nǹkan lára owó sẹ́fà tẹ́ ẹ máa fi kọ́ tuntun.